Àwòrán Abúlé Abẹ́ Omi

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìkìrun, tí ó ń fi àjákù ṣe àwòrán. Kì í ra ọ̀dà, kì í sì í mú búrọ́ọ̀ṣì. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn bá gbá dà sí ààtàn ni tirẹ̀: kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, àpò sìmẹ́ǹtì, páálí ìṣáná, ọ̀rá tí wọ́n fi wé súìtì, gígé aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máṣìnnì télọ̀. Yóò gé wọn, yóò ya wọ́n, yóò tò wọ́n sórí pákó, yóò sì fi láfún tó ti sè lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn títí wọn yóò fi di igi, di ènìyàn, di ọjọ́ ọjà. Bí o bá dúró lókèèrè, wàá búra pé ọ̀dà ni. Bí o bá súnmọ́ ọn, wàá rí i pé bébà ara agolo tòmátì ni wọ́n fi ṣe àkùkọ tí o ń wò.

Àwọ̀ ni ọkùnrin yìí mọ̀ jù láyé. Lójú tiwa, ewé kò ju ewé lọ. Lójú tirẹ̀, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà ní ọ̀sán, àwọ̀ méjì tí kò bá ara wọn tan ni. Ó to agolo mílíìkì àádọ́ta sórí pẹpẹ, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú agolo tirẹ̀. Pupa nìkan gba agolo mẹ́sàn-án: pupa epo, pupa osùn, pupa ata tó ń gbẹ, pupa ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọmọ bá sunkún nínú ilé, ọkọ òun yóò kọ́kọ́ wò bóyá ojú ọmọ náà pupa ti agolo kẹta ni tàbí ti agolo kẹrin, kó tó bèèrè ohun tó ṣe é.

Ó ní bí ó ti máa ń ṣiṣẹ́. Kì í lẹ ohunkóhun mọ́ pákó títí gbogbo rẹ̀ yóò fi pé. Yóò kàn tò wọ́n lásán ni, yóò fi ọmọ òkúta tẹ èyí tó bá fúyẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì ti fèrèsé kí atẹ́gùn má baà wọlé. Ó lè pa ààyè bébà kan ṣoṣo dà nígbà ogún. Ó ní ohun tí a bá ti lẹ̀ ti kú síbẹ̀, pé èyí tí a kò tíì lẹ̀ nìkan ló ṣì lè dára sí i. Nínú iṣẹ́ oníbàárà, èyí kì í pa á lára. Oníbàárà a máa dá ọjọ́, ọjọ́ náà a sì máa pé, bó fẹ́ bó kọ̀, yóò gbé ìkòkò láfún kaná.

Ọkùnrin náà ní ìyá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá sì ń gbé. Abúlé tí wọ́n bí ìyá yìí sí kò sí mọ́. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n sé odò kan láti fi ṣe omi ẹ̀rọ fún àwọn ìlú ńlá. Wọ́n kó àwọn ará abúlé lọ sórí òkè, omi sì bo ilé wọn díẹ̀díẹ̀, ilé dé ilé, títí ó fi bo orí igi obì tó wà láàárín ọjà. Lónìí, apẹja ń ju àwọ̀n síbi tí wọ́n ti ń tajà nígbà náà. Kò sí ẹni tó ya fọ́tò abúlé náà rí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó gbé inú rẹ̀, àwọn náà kò sì pọ̀ mọ́.

Ní ọdún kan, bí ọyẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, dókítà ojú sọ fún ìyá pé ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ti ń lọ. Ó ní oògùn lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ kò ní padà. Ìyá dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Nígbà tí wọ́n délé, ó pe ọmọ rẹ̀.

“Àkànjí,” ó ní, “bá mi ṣe abúlé wa. Mo fẹ́ fi ojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn tó tì.”

Ọkùnrin náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gidigidi. Mo sọ èyí kí o má baà rò pé aláìbìkítà ni. Ọ̀sán méje gbáko ló fi jókòó tì í lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ìyá ń rántí, tí òun sì ń gbọ́. Ìyá sọ bí ilé ti tò ní ọ̀wọ́ méjì tó kọjú síra. Ó sọ̀rọ̀ kànga, ó sọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà ìdáná, ó sọ bí odò ti máa ń tàn lẹ́yìn ilé ní kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó bù ú mì. Lẹ́yìn náà ni ó sọ̀rọ̀ ìyá tirẹ̀, tí í ṣe aláró. Ní ọjọ́ tí wọ́n kó kúrò, obìnrin náà dúró ní ẹnu ọ̀nà nínú ìró aró, ó sì kọ̀, kò kúrò títí wọ́n fi gbé ìkòkò aró rẹ̀ sínú ọkọ̀.

“Àwọ̀ ìró náà ńkọ́, Màmá?” ni ọmọ bèèrè.

“Kì í ṣe dúdú,” ni ìyá wí. “Kò sì mọ́ bí aṣọ iléèwé. Ìgbà mẹ́ta ni ìyá mi máa ń rì í sínú aró, kì í rì í nígbà kẹrin. Ó dà bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò bá dá, tí oòrùn kò sì tíì padà.”

Ọkùnrin náà bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, abúlé náà ti jáde láti abẹ́ omi, ó ti dìde sórí pákó. Àpò sìmẹ́ǹtì di ògiri. Inú páálí bàtà di koríko òrùlé. Igi obì gba oríṣi àwọ̀ ewé mẹ́tàdínlógún, ó sì dàbí pé atẹ́gùn wà nínú rẹ̀. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni ó fi ṣe odò, tó bá jẹ́ pé ènìyàn rìn kọjá, odò náà á mì. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni ojú ọ̀run. Kò fi àwọ̀ sánmà kankan sí i. Pupa rẹ́súrẹ́sú ló fi ṣe é, èyí tó gé lára kàlẹ́ńdà kan tí oòrùn ti pa fún ọdún mẹ́ta. Ó fẹ́ kí aró jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo àwòrán náà, kó wà lára ìró ìyá àgbà, kí ojú ẹni tó bá wò ó lè sáré lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n aró náà kò sí nínú agolo kankan. Ibi tí ìyá àgbà yẹ kó dúró sí ṣófo, ó rí bí ẹnu ọmọ tó ká eyín iwájú. Nítorí ibi kan yẹn, kò lẹ ohunkóhun.

Ó kọ̀ kí ìyá rẹ̀ wọ yàrá iṣẹ́. “Ẹ mú sùúrù, Màmá,” ni ó máa ń wí. “Bí ẹ bá rí i láàbọ̀, kò ní dùn mọ́ yín lójú nígbà tó bá pé.”

“Ó ku kí ni?” ni ìyá yóò bèèrè.

“Ó ku aró ìyá yín nìkan.”

“Ó dáa. Èmi ń dúró,” ni ìyá yóò wí, yóò sì padà síbi tí ó jókòó sí.

Ó kó aṣọ aró jọ bí ẹni tó fẹ́ ṣòwò rẹ̀. Èyí dúdú jù. Èyí mọ́ jù. Èyí ní pupa díẹ̀ nínú bí o bá gbé e sí oòrùn. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó sú u.

“Baba Morẹ́nikẹ́,” ó ní, “aṣọ mélòó ló wà nínú ilé yìí báyìí? Ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀, kí ẹ lẹ̀ ẹ́.”

“Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni ọkọ dáhùn.

“Lánàá, Màmá bi mí bóyá ìró tó wà lára wọn pupa ni tàbí dúdú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lẹ̀ ẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí bá ọkùnrin náà lójijì. Lẹ́yìn náà ó ní òun gbọ́ pé àwọn aláró àtijọ́ ṣì wà ní ìlú kan lápá Ọ̀yọ́, pé òun yóò lọ ibẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé bí òun bá ti dé, ó parí nìyẹn. Ó sì gbà á gbọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń parọ́ fún ara rẹ̀ kì í gbọ́ òórùn irọ́ náà.

Ó lọ. Ó bá ìyá arúgbó kan nídìí ìkòkò aró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìgbà mẹ́ta, kì í ṣe mẹ́rin, lẹ́yìn òjò, kí oòrùn tó padà. Aláró náà gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “ojú ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n ri aṣọ yẹn sí. Èmi kò ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Mú èyíkéyìí lọ fún ìyá rẹ. Bí ó bá ti rí i ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa á láró.”

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbà á. Láti ibẹ̀, ó wọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Nínú ọkọ̀ ni oorun ti gbé e lọ, ó sì lá àlá. Ó rí ara rẹ̀ lábẹ́ omi, ní ojú pópó abúlé ìyá rẹ̀. Ẹja ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n ń gba fèrèsé jáde. Ilé dúró, igi obì dúró, ohun gbogbo wà létòlétò bí òun ti tò ó, ṣùgbọ́n àwọ̀ ń ṣí kúrò lára wọn díẹ̀díẹ̀, pupa ń bá omi lọ, àwọ̀ ewé ń bá omi lọ, bí aṣọ tuntun ti máa ń ṣí nínú ọpọ́n. Ìyá àgbà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìró ara rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan. Ó kàn ń wo òun ni, kò bínú. Nígbà tí awakọ̀ jí i, ẹ̀rù bà á, ó sì pinnu láti túbọ̀ tẹra mọ́ wíwá aró náà. Wo ohun tí ó rí kọ́ nínú àlá. Ọgbọ́n wọlé tọ̀ ọ́ wá, ó ní kó jókòó síta.

Báyìí ni ọdún yí po. Òjò rọ̀, ó dá. Iṣu tuntun jáde. Nínú ọdún yẹn kan náà, ọkùnrin yìí parí àwòrán mọ́kànlá fún àwọn oníbàárà, ó lẹ gbogbo wọn, wọ́n gbẹ, wọ́n sì wà lára ògiri àwọn ènìyàn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ dáadáa.

Ọyẹ́ tún ti ń fẹ́ nígbà tí ó rí aró náà. Táyà ọkọ̀ tó wọ̀ ló jò. Bí wọ́n ti ń pààrọ̀ rẹ̀, obìnrin kan sọ ẹrù igi kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kó lè sinmi, ó sì mú òṣùká rẹ̀ kúrò lórí. Ọkùnrin náà wo òṣùká yìí, ó súnmọ́ ọn. Àkísà aṣọ aró ni wọ́n ká, ó gbó, ó ya, ṣùgbọ́n níbi tí ó ká sínú tí oòrùn kò dé, àwọ̀ ibẹ̀ rí bí ojú ọ̀run tí òjò dá lórí rẹ̀. Ó bọ́ aṣọ tó wọ̀ sókè, ó fi í fún obìnrin náà kó fi ká òṣùká mìíràn. Obìnrin náà gbà á, ó ń wo ọkùnrin náà títí tó fi wọkọ̀, ó sì ń bi ara rẹ̀ bóyá orí ọkùnrin yìí pé.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ wọ̀lú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ó wọ yàrá iṣẹ́, ó gé aró náà, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ilé tó ṣófo láti ọdún kan. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ó tọ̀nà. Kí a má fi òótọ́ du ọkùnrin náà. Bí aró yẹn ti jókòó, gbogbo abúlé mí kanlẹ̀. Ojú ọ̀run pupa náà wá di kùtùkùtù ọjọ́ kan ṣoṣo, ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ó ṣa gbogbo ọmọ òkúta kúrò lórí àwòrán, kó lè hàn gedegbe. Ó ṣí fèrèsé. Ọyẹ́ ò fẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní bí ìyá bá ti wò ó tán, òun yóò gbé láfún kaná nírọ̀lẹ́.

Ìyá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ọmọ rẹ̀ kò kíyè sí i pé ojú rẹ̀ kò sí lára àwo náà.

“Màmá, ó ti pé.”

Ìyá gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. “Jẹ́ kí n pààrọ̀ ìró,” ó ní. “Ilé ni mò ń lọ.”

Ó pẹ́ díẹ̀ nínú yàrá. Nígbà tí ó jáde, inú ìró náà ni ó yí síta. Ọmọ rẹ̀ rí i, ó rò pé ayọ̀ ló jẹ́ kó kánjú. Ó fà á lọ́wọ́ dé iwájú pákó. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó kọ lára odò, ìtànṣán odò náà sì ń jó lókè àjà. Ìyá dúró, ó gbójú sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, kì í ṣe síbi tí abúlé wà.

“Àkànjí, níbo ló wà?”

“Òun nìyí, Màmá. Iwájú yín gan-an.”

“Mo rí fèrèsé,” ni ìyá wí. “Mo rí i pé ó funfun. Èyí tó kù, jẹ́ kí n fọwọ́ rí i.”

Kí ọmọ tó la ẹnu, ọwọ́ ìyá ti balẹ̀. Ọwọ́ àgbà ni, ọwọ́ tó ti gún iyán fún àádọ́ta ọdún, kò fúyẹ́. Òrùlé mẹ́ta bá a lọ. Igi obì kúrò ní ìdí rẹ̀. Odò ká jọ sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, àkùkọ bébà kan sì bọ́ sílẹ̀, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá dá ọwọ́ dúró lójijì.

“Mo ti bà á jẹ́,” ó ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pátápátá. “Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé o ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó.”

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún. Nígbà tí ó lè sọ̀rọ̀, ó bèèrè pé láti ìgbà wo.

“Láti ìgbà iṣu tuntun,” ni ìyá wí. “Àwọ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìyókù.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“O ní ó ku díẹ̀. N kò fẹ́ kí o kánjú tìtorí mi.”

Ọ̀rẹ́ mi, ká ní ìyá bú u ni, ì bá sàn fún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé ṣebí òun ti wí i. Ó yí padà, ó lọ gbé ìkòkò láfún kaná, ó bu álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kí aáyán má baà jẹ ẹ́, bí ó ti máa ń rí ọkọ rẹ̀ ṣe é.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tún un ṣe, ìyá àti ọmọ. Ìyá jókòó sórí àpótí níwájú pákó, ọmọ ń fi bébà lé e lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Kí ni èyí?”

“Pupa ni, Màmá.”

“Pupa bí kí ni?”

“Bí ata tí a ti sá fún ọjọ́ méjì.”

“Gbé e sí ẹnu ọ̀nà ìdáná. Ibẹ̀ ni a máa ń sá ata sí.”

Ọkùnrin náà kò ronú kan pupa níbẹ̀ rí. Kànga wá jìnnà sílé ju bí òun ti tò ó lọ, nítorí ọmọ ọdún mẹ́jọ ló ń ru omi rẹ̀. Ewúrẹ́ kan tóbi ju ilé. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ náà ṣe rí, ó máa ń fi ìwo kan òun. Bí ìyá bá ti fi ìka tọ́ka síbi kan, ọmọ á fi láfún sí i, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní pa ààyè rẹ̀ dà mọ́. Àwòrán náà kò gún régé. Ó wà láàyè ṣá, ó sì wà níbẹ̀.

Aró ló kẹ́yìn. Ìyá gbà á, ó mọ̀ pé kì í ṣe bébà.

“Aṣọ ni èyí. Ti ìyá mi?”

“Òun ni.”

“Ṣé àwọ̀ rẹ̀ bá a mu?”

Ọmọ wo aró náà. Omi tó kún ojú rẹ̀ kò jẹ́ kó rí i dáadáa. Bí ó bá jẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn aṣọ tó kó jọ sílé láti ọdún tó kọjá, kì bá mọ ìyàtọ̀.

“Ó bá a mu, Màmá.”

Wọ́n lẹ̀ ẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, ìyá fọwọ́ rin abúlé náà já, láti odò dé kànga, láti kànga dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró lórí ìró ìyá rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò ra á.

“O ṣeun,” ó ní. “Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ, Àkànjí. Ojú ni mo fẹ́ fi rí i.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bínú. Bí ó ti rí lára rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Wọ́n kan àwòrán náà mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, kò ga bí wọ́n ti ń kan àwòrán, ibi tí ọwọ́ ìyá tó bí ó bá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n kàn án sí. Ọdún mẹ́rin ni ìyá tún lò láyé. Àwọn tó wá kí i a máa wo àwòrán náà, wọn a sì yin ọmọ rẹ̀ pé ó mọṣẹ́, pàápàá aró yẹn. Ọkùnrin náà a dúpẹ́, a sì jáde kúrò nínú yàrá.

Ìwọ tó jókòó níwájú mi yìí, ìwọ ni mò ń bá wí. Ọdún mẹ́ta nìyí tí ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kò ti fojú kan ara yín nítorí ilẹ̀ baba yín. O ti gbà fún mi pé ìwọ lo jẹ̀bi. O ní o fẹ́ tọrọ àforíjì, o sì mú ìwé jáde nínú àpò láti fi hàn mí, ìgbà mẹ́fà lo ti kọ ọ́ tí o ti fagi lé e, nítorí o ṣì ń wá gbólóhùn tí yóò tọ́ sí ẹni tó fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́. Mo kà á. Ìkíní dára. Ìkẹfà náà dára. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe baba ìlọ́ra. O dá ọjọ́ fún gbogbo ẹni tó gbé iṣẹ́ fún ọ, o sì ń pa ọjọ́ náà mọ́. Ẹni tó ń dúró dè ọ́ láìdá ọjọ́ ni o ń jẹ́ kó máa dúró, nítorí o mọ̀ pé kò ní bínú. Ìfẹ́ tí o ní sí i wà lórí pákó, ó dára, kò sì lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fi ìwé yẹn sílẹ̀ níhìn-ín lọ́dọ̀ mi. Bí o bá dé ọ̀hún tí kò sí ohun mìíràn lẹ́nu rẹ ju “Ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ̀bi,” sọ ìyẹn. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Lọ lónìí, nígbà tí ó ṣì lè rí i pé ìwọ ni ẹni tó dọ̀bálẹ̀.